Ọ̀bẹ Tí Ń Yọ Láti Iwájú Èèkù
Irin Ògún Lákáayé ni ọ̀bẹ í ṣe, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ àpò tí ń ti inú èèkù yọ síwájú tààrà, bí àtàǹpàkò bá ti ti bọ́tìnnì rẹ̀, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ìró rẹ̀ gbé ọkàn òun lọ, nítorí bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èèkù náà, pẹ̀lú sípíríǹgì inú rẹ̀, ni kí ó fi ojú ṣùnnùkùn wò. Bí irin náà bá ń mì jù nígbà tí ó bá yọ tán, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà. Kí ó má sì gbé e sí àpò tí iyanrìn wà, nítorí ìdọ̀tí díẹ̀ tó láti dá a dúró lágbedeméjì. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1958 dí òwò rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, òfin mímú un rìn kò sì dọ́gba láàárín àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù: láti 1959 ni a ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ níbẹ̀, láti 2021 sì ni fífi í pamọ́ sí yàrá ẹni pàápàá ti di ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ má ṣe gbà á.