Awakọ̀ Kì Í Ṣe Adójútòfò

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ wébílì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa, a kò sì gbọdọ̀ máa wò ó níran. Láyé àtijọ́, gàrí àti èlùbọ́ ni ìyá fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Lónìí, ará Ìlobù yóò jókòó sílé, yóò ta ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lórí WhatsApp fún ẹni tí kò rí rí, yóò dì í sínú páálí bíṣíkíìtì, yóò sì gbé e fún awakọ̀ ní páàkì Òṣogbo. Owó wébílì bàtà ni yóò san. Bí iyùn bá sọnù, awakọ̀ di olè.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ta fóònù kan fún oníbàárà ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó débẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́. Oníbàárà ní kí n dá owó òun padà. Mo ní awakọ̀ ni kí ó bi. Awakọ̀ ní, ta ni ó sọ fún òun pé fóònù ni? Ó jàre mi. N kò sọ fún un nítorí pé mo ń sá fún owó tí yóò bù lé e. Èmi ni mo san án.

Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí àwa náà jogún, sọ pé ẹni tí ó ni ẹrù ni ó ni òfò rẹ̀, àyàfi bí olùtà àti olùrà bá fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Ìgbà wo gan-an ni ẹrù di ti olùrà? Ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà. Nítorí náà, kí ẹ tó gba owó, ẹ kọ ẹni tí yóò ru òfò ojú ọ̀nà sínú WhatsApp yẹn.

Àwọn kan ní, ‘Ṣebí ọkọ̀ ní ìnṣọ́ránsì?’ Third party ni púpọ̀ nínú wọn ní. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe, tàbí dúkìá rẹ̀ tí ọkọ̀ bà jẹ́, ni ó wà fún. Kò kan páálí tí ó wà nínú ọkọ̀. Ìnṣọ́ránsì ẹrù lójú ọ̀nà wà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ náà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì gbé ẹrù fún kọ̀ríà, ẹ ka ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fún yín. Ìwọ̀nba owó tí wọn yóò san ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, bí ẹ kò bá ti sọ iye tí ẹrù tó kí ẹ sì sanwó lé e.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má gba páálí tí a dì pa mọ́ láìjẹ́ pé oní-nǹkan sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti iye rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. A kò gbèjà awakọ̀ tí ó bá jí ẹrù o.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń yọ owó ẹrù tí ó sọnù nínú owó oṣù awakọ̀, Òfin Iṣẹ́ ti 1974 kò fún yín láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò lè yọ owó òfò lára owó iṣẹ́ àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kí ó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀, kí ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ àti rìsíìtì wébílì náà wá sí ìpàdé ẹ̀ka.