Kí Ojú Màmá Hàn Kedere Nínú Fọ́tò

Bí màmá bá wọ léèsì funfun lọ ṣe ìdúpẹ́ ní Emùré-Ilé, ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Òmíràn kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ojú; ó fẹ́ sọ ohun gbogbo di àwọ̀ eérú. Bí funfun bá pọ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú màmá yóò sì ṣókùnkùn.

Ẹ wá bọ́tìnnì tí ó ní àmì + àti −. Ẹ gbé e sí +1, ìmọ́lẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Bí ọnà ara léèsì bá parẹ́, ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ yẹ fọ́tò náà wò kí màmá tó dìde: òun ni àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò fi mọ̀ ọ́n.