Ìgò Ẹ̀pà Kan Tó Ṣe Áísìkirímù Oní-purotéènì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bọpo bọyọ̀: ẹni tó bá fẹ́ ṣe áísìkirímù tó kún fún purotéènì nílé ò nílò páúdà inú ike tí wọ́n ń polówó kiri. Ẹ̀pà, sóyà àti mílíìkì ọjà wa tó o ṣe.

Ṣé ká ṣírò ẹ̀? 100 gíráàmù ẹ̀pà ní nǹkan bíi 25 gíráàmù purotéènì. Ti sóyà gbígbẹ tó 36. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ wá lọ ìdajì lítà mílíìkì sóyà tó ti tutù, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan méjì (60 gíráàmù), 60 gíráàmù mílíìkì lẹ́búlẹ́bú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó pọ́n dáadáa pọ̀ nínú bílẹ́ńdà. Gbogbo ẹ̀ á ní bíi 48 gíráàmù purotéènì. Tí èèyàn mẹ́rin bá pín in, 12 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn purotéènì ẹyin méjì. Ẹni tó wọn 60 kìlógíráàmù nílò bíi 50 gíráàmù lójúmọ́, nítorí náà, ó ti rí nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ nínú abọ́ kan.

Àwọn kan á ní tilé máa ń le bí òkúta. Òótọ́ ni, àmọ́ ó nídìí. Omi ń dì ní 0°C, fírísà sì lè tutù dé −18°C. Tí a bá fi omi sílẹ̀ kó dì jẹ́ẹ́, horo yìnyín á tóbi, á sì lẹ̀ mọ́ra. Ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo omi náà dì tán. Òróró ẹ̀pà àti purotéènì á sì máa là wọ́n láàárín. Ìyókù dọwọ́ yín: ẹ máa rò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí horo yìnyín lè fọ́ wẹ́wẹ́.

Ohun méjì wà tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àkọ́kọ́, ẹ se mílíìkì sóyà kó hó fún bí ogún ìṣẹ́jú, torí sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ikùn. Èkejì, ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu dànù. Aflatoxin tó wà nínú irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, yíyan ò sì lè mú un kúrò tán, ká má tíì sọ òtútù. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kó yọ ọ́ kúrò, kó fi mílíìkì kún un.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ni òtútù ò lè pa, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí áísìkirímù yọ́, wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. Tí iná bá dé tó tún dì, kò sọ ọ́ di tuntun o. Ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ ṣe.

Mi ò sọ pé páúdà burú. Ohun tó ń dùn mí ni kí ọ̀dọ́ máa fi owó oúnjẹ ra ohun tí ẹ̀pà lè ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye gíráàmù purotéènì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ike yẹn, ẹ fi pín owó ẹ̀, kí ẹ wá ṣe bákan náà fún ìgò ẹ̀pà kan.