Ẹ Yé Sọ fún Ọmọ Pé "Bí Ìwé Ṣe Wí Nìyẹn"

Sátidé tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Awoyaya. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ajah dé Abijo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú. Mo bá àwọn ọmọ ilé náà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣe Dungeons & Dragons, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi dáìsì àti ìtàn ẹnu ṣe. Ayálégbé kan ló ń darí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13, ló wà nípò oṣó. Ó lo ọfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ó ti tán, àfi bó bá sùn tó jí. Ọmọ ní, "Bọ̀dá, kí ló dé? Ṣé ọfọ̀ máa ń tán lẹ́nu èèyàn ni?" Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Òfin eré kò nídìí. Ju dáìsì rẹ."

Irọ́ ni. Òfin tí kò bá ní ìdí nínú ayé tí eré náà ń sọ, òkú òfin ni. Ẹni tó bá sì ń fi òkú òfin darí ọmọ ọlọ́mọ kò yẹ nídìí tábìlì yẹn.

Mo bi ọkùnrin náà pé kí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí. Ó ní idán ni, idán kì í nídìí, àlàyé ló sì ń ba eré jẹ́. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì wú. Ta ló rí idán tí kò nídìí rí nílẹ̀ yìí? Okígbẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí àdá wọlé sára, ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí ẹni tó ní in bá jẹ èèwọ̀ náà, àdá yóò wọlé. Àwọn àgbà ní egbé, oògùn tó ń gbé èèyàn kúrò nínú ewu, kì í gbé ẹni tí ẹ̀rù kò bà. Ẹni tó fẹ́ pe ọfọ̀ ń jẹ ataare kó tó lanu. Ìdí lórí ìdí! Àwa tí a kò jẹ́ kí ewé kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ láìmọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, àwa ni arákùnrin yìí ń kọ́ pé idán kò nídìí. Ìwé tó gbá mọ́ àyà yẹn, kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde, inú ìtàn Jack Vance, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì ti mú òfin ọfọ̀ tó ń tán. Nínú ayé tí Vance kọ, oṣó ń di ọ̀rọ̀ agbára sórí bí ẹni di ẹrù. Bó bá ti pè é jáde, ẹrù ti sọ̀, àfi kó padà sídìí ìwé kó tún un dì. Ìdí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó wá a.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ní ìwé kẹrin, olùkọ́ kan nà mí ní pàṣán mẹ́fà nítorí mo béèrè ìdí tí a fi ń yá ọ̀kan nínú ìṣirò àyọkúrò. "Bó ṣe wà nìyẹn" lòun náà sọ. Bàbá ìyá mi ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Nídìí ọpọ́n ayò, ilé 12, ọmọ 48, ó ní bí ilé ẹnì kejì bá ṣófo, mo gbọ́dọ̀ ta ayò tí yóò fún un lọ́mọ. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Bí aládùúgbò rẹ kò bá ní irúgbìn, ta ni ìwọ yóò bá dá oko?" N kò gbàgbé òfin yẹn mọ́ láyé mi.

Kí ló yẹ kí ọkùnrin yẹn sọ? Kó ní ataare mẹ́ta péré ló wà nínú àpò oṣó, ó ti jẹ wọ́n tán, ọjà kò sì ní í ná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó parí! Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ataare lò.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Nínú òfin ti 1974, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún àbùdá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí akọni jẹ́. Ọmọ á ní kí ló dé tí tèmi fi burú. Ǹjẹ́ a ò ní ilé Àjàlá ni? Oríṣèékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí ẹ̀dá lọ́run. Òjò pa orí àwọn méjì àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà, ó fọ́, nítorí wọn kò mọ èyí tó jinná. Afùwàpẹ́ bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì bá a mú orí tó dára. Dáìsì mẹ́ta yẹn, ilé Àjàlá ni wọ́n ń jù ú. Bí ọmọ bá gbọ́ èyí, kò ní í sunkún orí burúkú mọ́, á béèrè ohun tí òun lè fi ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá òun, ṣe.

Ẹ wo Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá. Ní 1938 tó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, kò ju agbára lé Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, lórí lásán: bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tó lóògùn, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. A ti mọ ibi tí agbára ti wá kó tó pàdé Agbákò, abàmì ẹ̀dá olójú 16. Ẹni tó bá ń darí eré láìka irú ìwé yìí ń fi ebi pa àwọn ọmọ níwájú abà iṣu.

Mo tún un sọ: òkú òfin ni. Bọ̀dá ayálégbé, mo mọ̀ pé ẹ ó padà sídìí igi máńgòrò yẹn ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dúró de èsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn.