Títa Orúkọ Tí Ó Ti Gbajúmọ̀

Ìlú òwò ni Ọ̀fà. Ní ọdún 1908 ni ojú irin dé ibẹ̀, tí ẹrù Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wọlé. Ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ tètè ń mọ̀ pé kò sí ohun tí kò ní iye. A ń ta ànàmọ́ tí a fi mọ Ọ̀fà. A ń ta ilẹ̀. A sì ń ta ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gbogbo ọjà tí ó wà nínú rẹ̀. Lóde òní, a tún ń ta ohun mìíràn tí ọwọ́ kò lè dì mú: ilé iṣẹ́ ìròyìn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti gbajúmọ̀. Ó yẹ kí a yẹ irú òwò bẹ́ẹ̀ wò dáradára.

Kí ni olùrà ń san owó lé lórí gan-an? Ẹni tí ó ra àpò gààrí lè bù ú wò, kí ó sì tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilé iṣẹ́ ìròyìn kò sanwó nítorí ẹ̀rọ, àga àti tábìlì nìkan. Yóò bèèrè iye ènìyàn tí ń ka ìròyìn náà, iye owó tí ìpolówó ọjà ń mú wọlé lóṣooṣù, àti iye ọdún tí yóò fi rí owó rẹ̀ padà. Bí òǹkàwé bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn òǹkàwé ni a ń tà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí a tà á.

Ìtàn ìwé ìròyìn Daily Times kún fún ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Èkó ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1926, Ernest Ikoli sì ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1947, ilé iṣẹ́ Mirror ti ìlú London rà á. Àwọn olùrà náà mú owó àti ẹ̀rọ titun wá, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́, títí Babatunde Jose fi dìde láàárín wọn, tí ó di olórí ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1975, ìwé náà ti ń tà tó 275,000 lójúmọ́. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ológun gba ìpín ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń rí i gẹ́gẹ́ bí ẹnu ìjọba, wọ́n sì ń yà sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn mìíràn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìjọba tún tà á ní ọdún 2004, orúkọ rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ògo rẹ̀ àtijọ́ ti rékọjá.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó gbin iṣu ni ó ni ín, ó sì lè tà á fún ẹni tí ó bá wù ú. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ti fi oorun du ojú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹ kí ó jèrè rẹ̀, títà pàápàá sì lè mú kí iṣẹ́ gbòòrò. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015. A kò pa orúkọ Paystack rẹ́, Akinlade sì ń darí rẹ̀ lọ lẹ́yìn títà náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Paystack ni kí ó máa bá oníṣòwò gba owó. Bí owó kò bá wọlé, oníṣòwò yóò mọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìròyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń fi irọ́ bọ́ lè pẹ́ kí ó tó mọ̀.

Ọ̀fà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn ilé ìfowópamọ́ ìlú náà, wọ́n sì pa ọlọ́pàá àti ará ìlú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí báńkì, àti ọmọ Ọ̀fà tí ń bẹ ní ẹ̀yìn odi, ń wá ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún wọn. Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ òtítọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ yà sí. Bí a bá ti ta ibẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ju owó lọ, tàbí fún olóṣèlú tí ń wá ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀, irọ́ yóò wọ aṣọ òtítọ́, yóò sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ojúṣe rọ̀ mọ́ ọn. Kí olùtà kéde fún àwọn òǹkàwé pé ilé ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ó wádìí ìwà olùrà kí ó tó ka owó rẹ̀. Bí ẹni tí yóò san owó gọbọi bá jẹ́ ẹni tí yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́, kí ó gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a kò ní fi orúkọ náà tan ènìyàn jẹ. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà ní ọ̀wọ́n mọ́. Òǹkàwé ni ará ilé ẹni tí ń kọ ìròyìn. Owó tí a gbà lórí wọn lè tán láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n olùtà yóò ṣì máa bá wọn pàdé lọ́jà.