Òfin Aṣọ Tí Ń Wo Ojú Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé wa nínú láti ìgbà díẹ̀ wá, tí a sì rí i pé kò yẹ kí a pa mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá àdúgbò wa yìí, láti Dọ́pẹ̀mú títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ó sì kan àwọn ọ̀gá tí ó gbà wọ́n sí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, a lọ sí ilé ìtajà kan ní Akówọnjọ láti ra ìwé àti gègé fún àwọn ọmọ. A kò ní í dárúkọ ilé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń wọlé ni a bá ọmọbìnrin kan tí ó dúró ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ náà sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n sálúbàtà rọ́bà ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà dúdú tí òfin ilé náà pa láṣẹ wà ní ọwọ́ rẹ̀: ó ti já nínú ẹrẹ̀ bí ó ti ń bọ̀. Máníjà sọ fún un pé kí ó padà sí ilé, pé a kò ní í ka ọjọ́ náà fún un, àti pé 2,000 náírà yóò kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ẹ̀bẹ̀ kò wọ ọ̀gá náà létí.

A kò tí ì san owó ọjà wa tán tí ọmọbìnrin mìíràn fi wọlé. Èyí kò wọ aṣọ iṣẹ́ rárá. Ó kun irun rẹ̀ ní àwọ̀ pupa, èékánná àtọwọ́dá rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún un láti tẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Bí a sì ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, sálúbàtà ni. Máníjà kan náà rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Àǹtí wa, ẹ káàárọ̀ o." Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí ń gba owó, ó rọra sọ fún wa pé ìbátan ẹni tí ó ni ilé ìtajà náà ni.

A gbé ọjà wa, a sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò kúrò níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a má ṣe ní òfin aṣọ ní ibi iṣẹ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ẹni tí ó wọ inú ilé ìtajà níláti lè mọ ẹni tí yóò béèrè ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má baà lọ fa aṣọ oníbàárà bíi tirẹ̀. Ẹni tí ń gé búrẹ́dì tàbí ẹran níláti bo irun rẹ̀, kí irun má baà bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹni tí ń gbé àpótí ẹrù níláti wọ bàtà tí yóò bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó sì fi owó ara rẹ̀ dá ilé ìtajà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí ó ti fẹ́ kí ilé òun rí lójú ayé.

Àwa ọmọ Yorùbá kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ẹwà tí ó wà nínú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ aṣọ kan náà. Ta ni kò tí ì ra aṣọ ẹbí rí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Bí olóde bá lé ìbátan rẹ̀ tí kò rówó ra aṣọ kúrò ní ìdí tábìlì, tí ó sì fi ọlọ́rọ̀ tí ó wọ aṣọ mìíràn jókòó sí iwájú, ṣé òde náà yóò tú ká ní àlàáfíà? Aṣọ tí a rà kí ó lè sọ wá di ọ̀kan ni yóò pín wa sí méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òfin tí ó bá ń wo ojú ènìyàn kí ó tó mú un kì í ṣe òfin mọ́. Ẹgba lásán ni ní ọwọ́ ẹni tí ó mú un dání. Àwọn baba wa wí pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wa lónìí, a ń mú pàṣán náà sọ̀kalẹ̀ fún ẹnìkan, a sì ń gbàgbé pé ó wà lórí àjà nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn. Ẹni tí kò ní ẹnìkan ni a máa ń rí àṣìṣe rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń kọ́? Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: òun a máa wọ aṣọ tí ó bá wù ú.

Ìyà yìí kì í sì í jẹ òṣìṣẹ́ nìkan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti rí i pé ojúrere ni ó ń gba ènìyàn là, pé ìṣòótọ́ kò gbani, wọn yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn yóò máa wá ojúrere kiri. Èyí tí a rán padà sí ilé pẹ̀lú omijé kò ní í ti ara rẹ̀ síwájú mọ́ láti tọ́jú ọjà ọlọ́jà. Olówó ilé ìtajà rò pé òun ń gbé orúkọ ilé òun ga, kò sì mọ̀ pé inú ilé náà ni ìdin ti ń jẹ́ jáde.

Kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2008, ní ìlú Tulsa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìtajà Abercrombie & Fitch, ó sì fi ìborí bo orí rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dán an wò rí i pé ó yẹ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà kan ní kí wọ́n má gbà á, nítorí òfin aṣọ wọn kò fi àyè gba fìlà. Òfin náà kò sì túmọ̀ ohun tí ó ń pè ní fìlà. Ẹ wo ibi tí òfin tí kò yanjú ń gbé ènìyàn dé! Àjọ ìjọba tí ń gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ gbé ilé ìtajà náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2015, mẹ́jọ nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ náà dá àjọ náà láre.

Ní ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú, obìnrin kan tí ń tajà tí ó sì ń gba owó fún ilé ìtajà Müller bẹ̀rẹ̀ sí fi ìborí bo orí ní ọdún 2014, wọ́n sì ní kí ó ṣí i kúrò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021. Ilé ẹjọ́ náà kò gba ẹ̀tọ́ àti ṣe òfin aṣọ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ó ní kí ó fi hàn pé òfin náà wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, kí ó sì mú un lò fún gbogbo ènìyàn bákan náà, láìyẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì ẹ̀sìn tí ó tóbi nìkan ni ó kà léèwọ̀, tí ó sì jẹ́ kí àwọn kéékèèké kọjá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà ènìyàn kan ni òfin náà dojú kọ.

Nílé wa níhìn-ín, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo hìjáàbù pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ márùn-ún ni ó fi ara mọ́ ọn, méjì kò fi ara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni èyí, kì í ṣe ti ilé ìtajà. Síbẹ̀, ọlọ́jà tí ó gbọ́n yóò fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kristi ni a ti kàwé, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí ìborí tí ó mọ́ fi ń dí ọjà títà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí owó tí wọ́n ń yọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ti ọdún 1974, ní ìpín rẹ̀ karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ ti fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, òfin náà kò sì kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Bí a bá yọ 2,000 náírà lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú oṣù kan, 8,000 náírà ni: ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà lọ. Ẹni tí a yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni a sì tún ń sọ fún pé kí ó lọ ra bàtà tuntun!

Kí a má baà dà bí ẹni tí ń fi ìka tọ́ka sí ẹlòmíràn nìkan, a níláti jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a fi wá ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ọ́fíìsì kan, a bá ọmọkùnrin tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún wa wí kíkankíkan nítorí pé kò so táì. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọmọ ọ̀rẹ́ wa jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ọrùn òfìfo, a kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ó kàn wo ọrùn ẹni kejì, ó sì wo ojú wa. Títí di òní, a kò tí ì gbàgbé ìwò náà.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kọ òfin aṣọ yín sílẹ̀ ní èdè tí ó yé ènìyàn, kí ẹ sì fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá gba iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ kan náà ti ní kí ẹ fún un ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé; inú ìwé náà ni ó tọ́ kí òfin aṣọ wà. Aṣọ tàbí bàtà tí ẹ bá pa láṣẹ, ẹ rà á fún un, tàbí kí ẹ ràn án lọ́wọ́ láti rà á. Ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá ṣẹ̀: ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ìwé lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe owó. Ẹ sì jẹ́ kí òfin náà mú máníjà àti ìbátan yín kí ó tó mú ẹni tí ń gbá ilẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa yìí bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ẹni tí a fún ní aṣọ tí kò sì fọ̀ ọ́ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá yín wí fún ohun tí wọ́n gbójú fò lára ẹlòmíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́ béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì, a tún gba iwájú ilé ìtajà náà kọjá. Ẹlòmíràn ni a bá ní ìdí ọjà tí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ máa ń dúró tì. Onírun pupa ṣì wà ní ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Sálúbàtà náà sì ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Akọ̀wé Kan, Akówọnjọ.