Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wẹ́dà Jó Dífù Ọkọ̀ Yín Pọ̀

Òjò ti dé, ọ̀nà oko ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ìbéèrè kan sì ti tún ń lọ káàkiri láàárín àwa tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù: "Ṣé o ti jó tìẹ?" Dífù ni wọ́n ń sọ, bọ́ọ̀lù irin ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, níbi tí ṣáàfù gígùn ti wọlé. Wọ́n á ní kí wẹ́dà jó àwọn gíà kéékèèké inú rẹ̀ mọ́ra wọn, kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Owó iṣẹ́ náà ò tó nǹkan, ọjọ́ kan ló ń gbà, ọkọ̀ ò sì ní máa rì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èmi náà jó tèmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé bí ọkọ̀ tí ẹ fi ń wọ oko náà lẹ fi ń lọ ọjà, ẹ má dán an wò.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é o. Mo mọ ohun tó ń lé èèyàn débẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú, ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ni inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe gàrí ò ní gbọ́ pé ọkọ̀ rì. Èèyàn á dúró sínú ẹrẹ̀, táyà kan á máa yí fìrìfìrì, èkejì á dúró bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án. Nígbà tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí wẹ́dà bá sọ lèèyàn á gbà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe dífù bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà ní òde ìyípo máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí àlàfo táyà méjèèjì bá jẹ́ mítà kan ààbọ̀, tí ẹ sì yí ọkọ̀ padà pátápátá síbi tó ti ń bọ̀, ti òde á fi bíi mítà 4.7 ju ti inú lọ. Dífù ló ń jẹ́ kí èyí yá, kí ìyẹn falẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé dọ́gbadọ́gba ló ń pín agbára. Bí táyà kan bá wà nínú ẹrẹ̀ tí kò rí nǹkan dì mú, ìwọ̀nba agbára táṣẹ́rẹ́ tó ń yí ìyẹn náà ni èkejì máa rí gbà, bó tilẹ̀ wà lórí àpáta.

Tí ẹ bá wá jó o pọ̀, nínú ẹrẹ̀, ó dára. Ilẹ̀ rọ̀, táyà lè yọ̀ díẹ̀ bí ẹ bá ń yí kọ́nà. Lórí títì ọ̀dà tó gbẹ ńkọ́? Mítà 4.7 yẹn ò lọ síbì kankan o. Táyà kan gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀ ni. Bí ẹrù bá sì pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, táyà á di ilẹ̀ mú gan-an, kò ní fẹ́ wọ́, ara ṣáàfù ni ìnira náà máa wá bọ́ sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Ní oṣù àkọ́kọ́, inú mi ń dùn. Mo ń kọjá níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń walẹ̀ lábẹ́ táyà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé táyà ẹ̀yìn ń jẹ kíákíá, ọkọ̀ ń ké bí mo bá ń yí níbùdókọ̀, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sì wúwo. Mo ní kò sí wàhálà, ṣebí ẹrù ń dọ́jà. Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá méjì jókòó sórí ẹrù (ẹ má bá mi jà, a mọ̀ pé gbogbo wa là ń ṣe é). Ní kọ́nà kan lójú títì, mo gbọ́ "gbàà!" Ṣáàfù ọ̀tún ti gé. Táyà òsì nìkan ló wá ń ti ọkọ̀, ó sì fà wá sápá ọ̀tún, ó di inú koríko. Orí ló yọ wá, nítorí n ò sáré. Ká ní apá òsì ni, iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ là bá já sí.

Mọkáníìkì tó tú u fi ibi tó gé hàn mí, apá inú ni. Ó ní ká ní ẹ̀bá táyà ló ti gé, lórí irú ọkọ̀ yìí, táyà náà ì bá yọ lọ pẹ̀lú. Ó tún da ọ́ìlì gíà sínú abọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ irin kún inú rẹ̀. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe gíà wọ̀nyẹn, tí wẹ́dà bá fi ọ̀pá lásán jó o, ojú ìjó náà lè là, èérún rẹ̀ á sì máa lọ àwọn gíà tó kù.

Nǹkan míì wà tí wọn kì í sọ. Lójú ọ̀nà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí amọ̀ ń yọ̀, dífù tí a jó yìí máa ń fa ìdí ọkọ̀ lọ sínú kòtò. Tí táyà kan bá ń yí lásán, èkejì ṣì ń di ìdí ọkọ̀ mú. Tí méjèèjì bá ń yí lásán, kí ló fẹ́ dì í mú?

Ẹ̀yin tó ń fi Sienna kó ẹrù, tiyín tún yàtọ̀. Táyà iwájú ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú gíà bọ́ọ̀sì ni dífù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní òun máa jó ìyẹn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí la wá lè ṣe? Bí táyà ẹ̀yìn kan bá ń yí lásán, ẹ fa búréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rọra tẹ iná. Ó máa ń fún táyà tó ń yí lásán lọ́rùn, agbára á wá dé ara èkejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti yọ mí. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù: bó bá jẹ́ 35 ló wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di bíi 22 kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù dá a padà kí ẹ tó gun títì. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ má dín in tó bẹ́ẹ̀. Pákó méjì nínú ọkọ̀ ò ná yín ní nǹkan kan.

Àwọn Hilux kan wà tí wọ́n ti ṣe bọ́tìnnì sí nílé iṣẹ́, tí ẹ ó tẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn di ọ̀kan, tí ẹ ó sì tú u bí ẹ bá kúrò nínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ máa ń ní odindi ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ga, òun ni mo sì ń tọ́jú owó fún báyìí. Ẹ̀yin onímọ́tò oko, katakata yín ní tirẹ̀, pẹ́dà kékeré kan lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà ò tíì máa yí lásán, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò kí ẹ tó yí kọ́nà.

Bí ẹ bá ní ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù tí kì í jáde kúrò nínú oko, ẹ jó o bó bá wù yín, mi ò ní jà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi nǹkan dínà táyà iwájú dáadáa, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ tú búréèkì ọwọ́, ẹ sì fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ o. Ẹ fọwọ́ yí táyà kan: tí èkejì bá ń yí padà sẹ́yìn, dífù rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ò mira rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ohun tó ṣe síbẹ̀ kí ẹ tó ka owó.